Ẹ̀rọ Mọ Ìkíni, Láolú Ò Mọ̀ Ọ́n

Rárá, Ìyá Rìnsọ́lá, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò jókòó, ìbínú tí mo gbé láti ilé mi ní Rosettenville dé ṣọ́ọ̀bù wíìgì yín ní Mayfair yìí kò ṣeé gbé jókòó, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi ìdí kan àga yín báyìí, ẹ máa fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù, màá mu ún, inú mi á rọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, àbúrò yín á sì mú un jẹ. Kò ní mú un jẹ! Mo fi ọjọ́ òní búra, kò ní mú un jẹ!

Láolú ni mo wí o. Láolú tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fà wá bá mi ní ìlú òkèèrè yìí. Lánàá, Fúráìdè, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé wa ní Marshalltown, ó kọjá lára mi, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi, kò kí mi. Ẹ gbọ́ o, kò kí mi! Kì í ṣe pé kò rí mi, mo ti sanra kọjá ẹni tí wọn kì í rí. Ó wo ojú mi, ó wo bàtà mi, ó wo fóònù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ṣé torí pé ẹnì kan ò kí mi ni mo ṣe wọ takisí méjì lọ́sàn-án Sátidé? Ẹ dúró ná. Etí aṣọ lẹ rí yẹn, odindi aṣọ ṣì wà nínú àpò. Mò ń tú u bọ̀.

Ẹ dá oníbàárà yín lóhùn ná, ó ń nawọ́ sí wíìgì pupa yẹn. Ó bá yín mu, sísì, ó bá yín mu gan-an, ẹ rà á. Ó ti lọ? Ó dáa, kì í ṣe èmi ni mo lé e, wíìgì yẹn ló pupa jù.

Ìyá Rìnsọ́lá, ẹ jẹ́ kí n fi irun ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, torí mo mọ̀ pé láti gbogbo ọdún tí a ti mọra, ẹ rò pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ni mò ń tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ètò tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ni tiwa, ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà, kí omi má baà bo àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń wa góòlù mọ́lẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ dà bí irun tí wọ́n dì. Tó bá kọsẹ̀ níbì kan, kì í sọ ibi tó ti kọsẹ̀, ó kàn máa ṣubú gbalaja ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá di irun tán, tí oníbàárà ní orí ń ro òun, ṣé irun ló máa la ẹnu pé ìdì kẹtàdínlógún lẹ ti fà jù? Ìlarun lẹ máa gbé, ẹ ó máa yà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlarun tiwa ni wọ́n ń pè ní dìbọ́gà. Ó máa dá ètò dúró lójijì, á ya inú rẹ̀, á fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n dìbọ́gà fúnra rẹ̀ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní láti kọ ìlànà fún un pé bí o bá rí nǹkan báyìí, báyìí ni kí o ṣe sọ ọ́ fún ènìyàn. Èdè tí a fi ń kọ ìlànà yẹn ni Páítọ̀n.

Ta ló kọ ọ́? Èmi ni mo kọ ọ́! Èmi Adésànmí, ọmọ Pólì Ìbàdàn, oní-HND, tí wọ́n ní ìwé rẹ̀ kì í ṣe dígírì. Fáìlì mọ́kànlélọ́gọ́ta, ọdún mọ́kànlá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tí ètò bá ṣubú, gbogbo ohun tí dìbọ́gà máa sọ kò ju nọ́ńbà kan lọ. Nọ́ńbà! Ènìyàn ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ nǹkan, ó wó lulẹ̀ lójú rẹ̀, “Error 11” ni wọ́n fi túfọ̀ fún un. Mo ní ìwọ ẹ̀rọ yìí, ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ? Mo bá kọ́ ọ. Mo kọ ọ́ sí i pé bí ẹnì kan bá ṣí i láàárọ̀, kó ní ẹ kú àárọ̀. Bí ẹnì kan bá ti jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta, ẹ kú ìjókòó. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe tí wọ́n ń wá, ẹ kú oríire. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá wó pátápátá, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá omi lọ, kó tó dárúkọ nọ́ńbà kankan, kó kọ́kọ́ ní ẹ kú àfẹ́kù. Ṣé mo ṣẹ̀? Ẹ wò mí dáadáa kí ẹ sọ fún mi, ṣé ohun tí mo ṣe yẹn burú?

Inú wọn ń dùn sí i! Jesse, ọmọ ìlú Kéèpù tó jókòó dojú kọ mi, kò gbọ́ Yorùbá kan yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí kọfí rẹ̀ bá dà sórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ á ní, “Eish, ẹ kú àfẹ́kù,” á wá lọ mú àkísà. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn bá pàdánù, ẹ kú àfẹ́kù. Bí ìjọba bá mú iná lọ, gbogbo ọ́fíìsì á hó lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkùnkùn, ẹ kú àfẹ́kù o!

Ẹ ò sì lè gbàgbé ọdún tí ìyá mi kú ní Ìkirè, ọdún àrùn yẹn, tí wọ́n ti gbogbo pápákọ̀ òfurufú pa, tí mi ò lè lọ sin ín. Ẹ̀yin lẹ wá dúró lẹ́nu géètì tí ẹ̀ ń bá Afusat ìyàwó mi sunkún láti òkèèrè. Àwa tí à ń tọ́jú omi kòtò, ìjọba gbà wá láyè láti máa lọ síbi iṣẹ́. Mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo jókòó, mo tan kọ̀ǹpútà. Jesse dìde. Ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó dúró ní mítà méjì sí mi bí òfin ṣe wí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, “Mista Sanmi, ẹ kú àfẹ́kù.” Ohùn rẹ̀ wọ́ bí ojú ọ̀nà oko. Ìyá Rìnsọ́lá, mo sunkún. Èmi tí wọ́n fi ìsìnkú ìyá mi hàn lórí fóònù tí omi ò jáde lójú mi, mo sunkún níwájú ọmọ Kéèpù. Ta ló kọ́ Jesse? Ẹ̀rọ ló kọ́ ọ. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ?

Láolú sì wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà o! Ẹ̀gbẹ́ Jesse gan-an ni àga rẹ̀ wà! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ó dáa. Páítọ̀n wá yí padà. Àwọn tó ń ṣe é ṣe tuntun, wọ́n ní àwọn ò tọ́jú ti àtijọ́ mọ́. Dìbọ́gà tuntun náà tẹ̀ lé e dé, ti tuntun nìkan ló ń gbọ́. Mo gbé fáìlì mọ́kànlélọ́gọ́ta mi fún un, ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún lágbo. Kí ló yí padà? Nǹkan kéékèèké! Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá ní kó pín méje sí méjì, á ní mẹ́ta, á da ìyókù nù, kò sẹ́jọ́. Tuntun ní ó tì, ó ní mẹ́ta àbọ̀. Ó dáa nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n ojúlé ni èmi ń fi ìpín yẹn wá, ojúlé tí nǹkan ń gbé nínú ẹ̀rọ! Ní gbogbo Mayfair yìí, Ìyá Rìnsọ́lá, ta lẹ mọ̀ tó ń gbé ojúlé kẹta àbọ̀? Tí ọlọ́pàá bá bi yín níbi tí ẹ̀ ń gbé, ṣé ohun tí ẹ máa sọ fún wọn nìyẹn?

Tẹ́lẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kà àti nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Tuntun ní kí oníkálukú ní yàrá tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òdìkejì kó kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ìkíni mi há sẹ́nu ọ̀nà. Mọ́ńdè kan báyìí mo ṣí dìbọ́gà, mò ń retí ẹ kú àárọ̀, ó kọ bíì, ó fa ìlà wíńtínwíńtín kan, ó kọ ẹ́ẹ̀kísì, ó kọ nọ́ńbà, ó tún fa ìlà, ó tún kọ ẹ́ẹ̀kísì, bí àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbá ahọ́n rẹ̀ mú. Mo jókòó tì í. Mo ní pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ibi tó tún le síbẹ̀ ni pé ìdajì àwọn oníkòtò tí à ń ṣiṣẹ́ fún ṣì ń lo ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà wọn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀? Nítorí náà ìlànà kan ṣoṣo ni mo gbọ́dọ̀ kọ tí tuntun á gbọ́, tí àtijọ́ náà á gbọ́, bí ẹni tó ń pa àlọ́ fún ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ṣebí Rìnsọ́lá nìyẹn, mo ní “Rìnsọ́lá, ṣé dáadáa ni?” ó ní “I'm fine.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Mo wá gbogbo ìpín, mo wá gbogbo yàrá, mo kan gbogbo ilẹ̀kùn, mo dán an wò lórí àtijọ́, mo dán an wò lórí tuntun. Mo parí ọgọ́ta fáìlì. Ẹyọ kan ló kù.

Fáìlì ìkíni ló kù.

Mo mú un, mo fi lé Láolú lọ́wọ́. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Jesse lè tún ìpín ṣe, ọmọ Íńdíà tó wà lẹ́yìn mi lè tún yàrá ṣe, ṣùgbọ́n ta ló lè wo ìkíni lójú kó mọ̀ bóyá àmì kan ti bọ́ lórí rẹ̀? Ọmọ Yorùbá ni. Mo ní, “Láolú, Fúráìdè yìí ni a máa fi hàn wọ́n, ọwọ́ rẹ nìkan ló lè mú un.” Ó ní, “Kò sí wàhálà, bọ̀dá Sànmí, shap.” Shap! Ó na àtàǹpàkò sí mi, ó ní shap!

Láolú tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn o. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú un wá? Báàgì méjì, sátífíkéètì Ifẹ̀ nínú ọ̀rá, ẹ ní, “Bàbá Oyíndà, ọmọ yín rèé.” Oṣù mẹ́jọ ló fi sùn sí pálọ̀ mi, Afusat ò bu oúnjẹ tirẹ̀ kéré rí. Nígbà yẹn ó mọ ìkíni! Ibikíbi tó bá ti rí mi ló ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò rí ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ojú títì tí wọ́n ń pè ní robot níbí, ní Commissioner Street, iná ti kúrò ní pupa, àwọn onítakisí ń fọn fèrè bí ẹni tí ilé ń jó, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pé ṣé wárápá ló gbé e ni, kí àwọn pe áńbúláǹsì. Mo ní rárá o, bàbá, ó ń kí mi ni. Ọkùnrin yẹn wò mí, ó wo Láolú nílẹ̀, ó padà sínú takisí rẹ̀, ó wà á lọ. Irú ọmọ tí ẹ fún mi nìyẹn! Ibo ló wọlé sí?

Lánàá, a jókòó sípàdé. Ọ̀gá wa, Madam Naidoo, wà níbẹ̀, àwọn méjì láti ilé iṣẹ́ oníkòtò wà níbẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo ti sọ fún Afusat pé lónìí ni wọn máa rí i, ó ní kí n má lọ fi ẹnu mi bà á jẹ́, mo ní mi ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ ló máa sọ ọ́. Láolú gbé e sójú ògiri. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ètò kan ṣubú kí wọ́n lè rí ohun tí dìbọ́gà máa ṣe. Mo na ọrùn. Mo ti fọwọ́ gbé ẹ̀rín sẹ́nu, mò ń retí ẹ kú àfẹ́kù.

“Error 14.”

Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì tuntun nù ún, mo gbé e padà. “Error 14.” Ó dúró síbẹ̀ bí onílé. Jesse yíjú sí mi, mo yíjú sí fèrèsé. Àbúrò yín dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní òun ti yọ gbogbo ìkíni kúrò, pé àwọn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án mi! Ọgọ́ta fáìlì tí mo fi ojú mi wá, ó ní ẹyọ fáìlì kan tó wà lọ́wọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́rin ló fà á!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló pa mí. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó pa mí. Madam Naidoo bèèrè. Obìnrin yẹn ṣe dáadáa, ó bèèrè, ó ní, “Láolú, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tí a máa ń rí, kí ni wọ́n tiẹ̀ túmọ̀ sí?” Ìyá Rìnsọ́lá, ẹ mọ ohun tí ọmọ ìyá yín sọ? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọbòkun! Ó ní, “Wọn ò túmọ̀ sí nǹkan kan, Madam. Àwàdà Mista Sanmi lásán ni.”

Wọn ò túmọ̀ sí nǹkan kan! Lójú Jesse, tí òun Láolú náà gbọ́ bó ṣe fi ọ̀rọ̀ yẹn kí mi lọ́jọ́ ìyá mi! Ọjọ́ tí wọ́n bí òun Láolú fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ kú ewu ọmọ ni wọ́n wá kí ìyá yín? Ìyẹn náà kò túmọ̀ sí nǹkan kan? Ọjọ́ tó dé síbí, tí mo bá a gbé báàgì rẹ̀ kan, tí mo ní o kú ìrìn, afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ jáde? Àjèjì lè sọ pé èdè wa kò túmọ̀ sí nǹkan kan, mi ò ní bá a jà, kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n! Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ilé alájà mẹ́sàn-án yẹn!

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo lọ bá Madam Naidoo lẹ́yìn ìpàdé, mo ní ẹ jọ̀ọ́, Mọ́ńdè láago mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí máa lọ sọ́dọ̀ gbogbo oníkòtò, ẹ jẹ́ kí n dá fáìlì yẹn padà kó tó lọ, tó bá ti lọ ó lọ náà nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kí àgbàlagbà méjì máa já fáìlì gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹni tó yọ ọ́ ni kó dá a padà, tí Láolú bá ti gbà, òun náà gbà. Mo yípo pé kí n bá Láolú sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló kọjá lára mi. Ìgbà yẹn ni kò kí mi! Ẹ rí i báyìí? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ irin àti wáyà bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, irin gbọ́, wáyà gbọ́, ọmọ tó jẹ ẹ̀bà nílé mi kò gbọ́!

Ẹ ní kí n dúró. Mo dúró. Ẹ ní nǹkan kan wà tí mo fò. Mi ò fo nǹkan kan. “Ẹ ṣé o” wo? Ta ló sọ ìyẹn fún yín?

Hẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ti pẹ́. Kò kàn án. Àwàdà kékeré ni, mo máa ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn, ṣebí ẹ mọ̀ mí, èmi ni mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé ìjọba ti fi owó orí lé wíìgì gígùn. Ó dáa, ó dáa, màá sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lódì. Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sọ fún un pé dìbọ́gà wa yìí, àgbàlagbà ni, tó bá kí ọ tí o ò dáhùn, kò ní tẹ̀síwájú. Òótọ́ sì ni, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, torí mo ti kọ ìlà mẹ́ta kan sí i. Tàwa yòókù, tó bá ti kí wa, a kàn ń ní kó tẹ̀síwájú ni, ó ń lọ. Tirẹ̀ ò ní kúrò lójú kan àfi tó bá tẹ “ẹ ṣé o” sí i, pẹ̀lú àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, tí ọ̀kan bá yẹ̀, á tún un kí lákọ̀tun. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó lè tó ogójì ìgbà lóòjọ́. Ọjọ́ kẹjọ ni Jesse bi í pé kí ló dé tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dìbọ́gà. Ọ́fíìsì fi ẹ̀rín wó. Òun náà rẹ́rìn-ín!

Àbí kò rẹ́rìn-ín?

Ó wá síbí? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Orí àpótí yẹn ló jókòó sí, láàárín àwọn orí onírun yìí, ó ní kí ni? Pé nínú gbogbo wọn, Súlù, Tswana, ará Íńdíà, òun nìkan tó gbọ́ èdè yẹn ni mo fi ṣe ẹlẹ́yà? Pé ọ̀wọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ ni mo fi mú un lọ́bọ? Ẹ ní ó sunkún?

Kò sọ fún mi! Ọdún mélòó rèé, kò sọ ọ́ fún mi! Ó sùn sí pálọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní “ẹ káàárọ̀, bọ̀dá Sànmí” láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ mi dá a kọjá lọ wẹ̀. Ṣé torí ìyẹn ló ṣe dúró, ó dúró, ó dúró, títí tí mo fi fi ọwọ́ ara mi gbé ohun tó máa dùn mí jù lé e lọ́wọ́? Kó wá bá mi! Kó ní, “Bọ̀dá Sànmí, èyí tí ẹ ṣe yẹn dùn mí”! Kí ni mo bá sọ? Ẹ ní kí ni mo bá sọ? Mo bá ní kó má bínú. Bóyá. Mi ò tíì sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mo bá sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ra mítípáì fún un.

Ìyá Rìnsọ́lá, kí ló ń tàn lábẹ́ wíìgì dúdú yẹn? Fóònù yín ni, ó ń tàn. Ẹ má bò ó, mo ti rí i. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún? Mo ti wà níbí bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Há! Láolú ni! Ẹ pè é nígbà tí mo wọlé! Ìgbà tí mo ní mi ò jókòó, ẹ̀yin ti pè é! Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ti ìyá mi. Ó gbọ́ ti mítípáì! Èmi tí mò ń fi ènìyàn ṣeré láti Pólì, obìnrin oníwíìgì ni yóò mú mi!

Ẹ tan ohùn rẹ̀ síta. Kí ló wí? Ẹ gbé e sún mọ́ mi. “Ẹ kú àfẹ́kù, bọ̀dá Sànmí.” Ìyẹn nìkan? Láti àná, ìyẹn nìkan? Mi ò dáhùn. Ẹ sọ fún un pé mi ò dáhùn, kó kọ́kọ́ dá fáìlì yẹn padà.

Ó dákẹ́. Ṣé ìlà ti já ni? Kò já, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Láolú! Láolú, sọ̀rọ̀! “Ẹ kú àfẹ́kù, bọ̀dá Sànmí.” Ó tún un sọ, ohùn kan náà! Láolú, mo ní ṣé o máa dá a padà kó tó di Mọ́ńdè àbí o ò ní dá a padà? “Ẹ kú àfẹ́kù, bọ̀dá Sànmí.” Kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ jẹ́, ẹ bá mi bi í, ṣé orí rẹ̀ ti...

Há.

Há, há! Ìyá Rìnsọ́lá, ẹ dì mí mú. Ó ń dúró! Ó ń dúró kí n dáhùn! Bí mi ò bá dáhùn, kò ní tẹ̀síwájú, títí ilẹ̀ á fi ṣú yóò máa kí mi! Ìlà mẹ́ta mi ló fi sí mi lára yìí o! Ọmọ burúkú! Kò rẹ́rìn-ín rárá, ẹ gbọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á ti le koko báyìí, ta ló kọ́ ọ nírú ìwà yìí? Èmi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ!

Ẹ gbé àga yẹn wá. Ẹ gbé mọ́ọ̀tì wá, kó tutù. Ẹ dúró, ẹ má tíì ṣí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọkùnrin yìí lóhùn, kó má baà tún mi kí.

O ṣé o, Láolú. Ṣé àmì rẹ̀ pé? O ṣé o. Ti ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, má bínú. Mọ́ńdè kí aago mẹ́wàá tó lù, kí n rí ẹ kú àfẹ́kù lójú ẹ̀rọ yẹn, bí mo bá tún fi ojú ara mi rí Error 14, pálọ̀ ẹ ni èmi náà máa wá sùn fún oṣù mẹ́jọ.

Ó yá, tẹ̀síwájú. Mò ń gbọ́.